Tíréè Màámi àti Àwọn Tí Mo Rà

Ọdún 2019, lọ́jọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ àbúrò mi obìnrin, ni mo mọ̀ pé tíréè lè dójú ti ènìyàn láàárín àwùjọ. Ilé wa ní Òkè-Fìà, nílùú Òṣogbo, la ti ṣe é, nítorí Bàámi ti sùn, ọ̀dọ̀ mi sì ni Màámi ń gbé nígbà náà. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn àna dé ni mo ra tíréè kan ní ₦7,500. Dígí ni ojú rẹ̀, ìgbátí rẹ̀ ń dán bíi wúrà, ìdìmú rẹ̀ méjèèjì sì dà bí ẹ̀ka igi tó yọ ewé. Bí mo bá gbé e sórí tábìlì, màá padà sẹ́yìn díẹ̀ kí n lè wò ó dáadáa.

Lọ́jọ́ náà, mo to omi oníke 75cl mẹ́fà sórí rẹ̀, mo fi ife dígí mẹ́fà há àárín wọn, mo gbé e. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú àwọn àna nígbà tí mo gbọ́ “kẹ́”. Ìdìmú òsì ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Tíréè dojú délẹ̀, dígí fọ́ yángá, ike omi ń yí lọ sábẹ́ àga, omi ife sì ti rin aṣọ òfì ìyá ọkọ ìyàwó láti orúnkún dé ìsàlẹ̀.

Wọn ò bú mi. Bàbá tó dàgbà jù nínú wọn ló kọ́kọ́ fọhùn, ó ní, “Ibi ti bá a lọ.” Gbogbo ilé ṣe àmín. Mo kúnlẹ̀, mo ń ṣa dígí, mi ò lè gbójú sókè. Nígbà tí mo máa gbé e sókè, Màámi ti ń bọ̀ láti yàrá rẹ̀, ó gbé tíréè tánganran rẹ̀ dání, èyí tí mo ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ jáde lọ́jọ́ náà torí pé ó ti gbó. Ó nà án sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, “Lọ to omi mìíràn wá fún àwọn àlejò wa.” Kò wo ojú mi rárá.

Lálẹ́, lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti lọ, mo jókòó ti ìdìmú tó ṣí yẹn. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgbátí. Kò sí nọ́ọ̀tì, kò sí ìṣó kankan. Mo wá ń ṣírò ohun tí mo gbé. Omi inú ike mẹ́fà nìkan jẹ́ kílò mẹ́rin àti ààbọ̀, láìtíì ka àwọn ife, láìtíì ka dígí tíréè fúnra rẹ̀ tó wúwo bí òkúta. Ẹni tó ṣe tíréè yẹn ṣe é fún orí tábìlì ìṣaralóge, kí wọ́n to lọ́fínńdà sí i, kí wọ́n máa wò ó. Èmi ni mo fi gbé omi fún àna.

Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ ra tíréè, mo kọ́kọ́ máa ń dojú rẹ̀ dé. Ìdí rẹ̀ ni mo ń wò. Bí mo bá rí orí nọ́ọ̀tì tó wọlé láti ìsàlẹ̀ bọ́ sínú ìdìmú, ọkàn mi á balẹ̀. Bí ìdìmú àti ojú tíréè bá jẹ́ igi kan náà tí wọ́n gbẹ́ pọ̀, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń fi ọwọ́ ra gbogbo etí rẹ̀ bóyá ó ní ibi tó mú. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ní kí ọlọ́jà jẹ́ kí n gbé ohun wúwo kan lé e, kí n gbé e sókè, kí n rìn díẹ̀. Àwọn kan máa ń wò mí bí ẹni tó ń da ọjà rú. Mo máa ń rọra bẹ̀ wọ́n.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti tíréè Màámi dáadáa. Ọdún 1974 ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó rẹ̀. Funfun ni, ìgbátí rẹ̀ búlúù, òdòdó pupa ńlá kan wà ní àárín rẹ̀ pẹ̀lú ewé mẹ́rin. Irin ni ìdí tánganran. Ohun tí wọ́n fi bo irin náà jẹ́ lẹ́búlẹ́bú dígí tí wọ́n yọ́ mọ́ ọn lára nínú iná tó gbóná tó ìwọ̀n 800 Celsius. Ìdí nìyẹn tí ata kì í fi í wọ̀ ọ́ lára, tí epo kì í kùn ún, tí òdòdó rẹ̀ kò sì ṣá láti ọdún yìí wá. Ohun tó ń pa á ni kéèyàn sọ ọ́ lulẹ̀. Ibi tí dígí bá ti ré kúrò, irin á yọjú, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀. Ti Màámi ní ibi méjì bẹ́ẹ̀ létí, ó mọ ìtàn méjèèjì, ó sì mọ ẹni tó ṣe é.

Orí tíréè yìí ló ti ń ṣa ẹ̀wà, tó ń fẹ́ ìrẹsì. Tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, á gbọn ìyàngbò dànù, á fi omi ọṣẹ nù ún, á tẹ́ aṣọ ìnura funfun kékeré sí i, ife omi kan á sì bọ́ sórí rẹ̀. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ẹwà ni ó ń fi aṣọ yẹn wá. Ìgbà tí èmi náà di onílé ni mo tó mọ̀ pé ife kì í yọ̀ lórí aṣọ, pàápàá tí aṣọ náà bá tutù díẹ̀. Omi ni yóò kọ́kọ́ gbé fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ẹni tó wá béèrè gbèsè. Ọwọ́ méjèèjì la fi ń gbé e. A ò gbọdọ̀ gbé e ré orí àgbà kọjá, a máa yípo ni. Tí a bá dé iwájú àlejò, a máa kúnlẹ̀, a máa gbé tíréè náà sórí stúùlù, kí àlejò fọwọ́ ara rẹ̀ mú ife. “Má fi ife lé e lọ́wọ́,” ni Màámi máa ń sọ, “jẹ́ kó mú èyí tó wù ú.” Bí ó bá jẹ́ obì, tíréè kan náà ni, pẹ̀lú àwo kékeré lórí rẹ̀.

Ọmọ Òṣogbo ni mí, ọ̀rọ̀ gbígbé nǹkan fún ènìyàn kì í ṣe kékeré lójú mi. Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, gbogbo ayé ń wá sí ìlú wa wo ọmọbìnrin kan tó ru igbá lọ sí odò Ọ̀ṣun, tí wọ́n ń gbàdúrà pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kọ títí yóò fi dé ibẹ̀. Orúkọ oyè ọba wa gan-an, Àtáọ́ja, a-tẹ́wọ́-gba-ẹja ni. Ìtàn ìlú sọ pé Láròóyè, ọba wa àkọ́kọ́, tẹ́wọ́ méjèèjì lójú odò, ẹja sì bọ́ sí i. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí Màámi bá ní kí n tẹ́ ọwọ́ mi sábẹ́ tíréè dáadáa, mo máa ń rò ó bíi pé ẹja kan ń bọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àna yẹn, mo pinnu pé mo máa ní tíréè tí yóò lẹ́wà, tí yóò sì lè ru ẹrù. Òṣogbo ìlú aró ni wọ́n ń ki ìlú yìí, ó sì máa ń dùn mí pé nínú pálọ̀ wa, ohun gbogbo tó wà fún ọ̀ṣọ́ ló ti òkè òkun wá. Mo ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, Ìbàdàndún, torí pé ọmọ Ìbàdàn ni Màámi. Òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ló wà nínú bátànì yẹn. Ẹ̀kọ ni wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ yà sójú aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá sì wà, aró kò ní mú un. Mo gbé aṣọ náà lọ fún Bàbá káfíńtà àdúgbò wa. Mo ní kó fi igi ọ̀gànwó ṣe ìgbátí, kó fi pákó pẹlẹbẹ ṣe ìsàlẹ̀, kó tẹ́ àdìrẹ lé e, kó wá fi dígí bò ó.

Ó ṣe é, ó rẹwà débi pé mi ò fẹ́ gbé nǹkan lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹwà náà lò. Ohun mímu tí a gbé láti inú fíríìjì máa ń làágùn, omi rẹ̀ sì ń ṣàn lọ sí ibi tí dígí ti pàdé igi. Ibẹ̀ ló ti ń wọlé. Nígbà tí mo máa fura, aró ti tú sára àwọn ibi funfun, òpó Mápó ti di búlúù látòkè délẹ̀, pákó ìsàlẹ̀ ti wú bí àkàrà, ó sì ti ń rùn.

Mo sunkún, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mi ò fọ aṣọ náà kí n tó gbé e fún káfíńtà. Àdìrẹ tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ omi léraléra títí omi tí a fi ń fọ̀ ọ́ yóò fi mọ́, kí a sá a síbi tí òjìji wà, kí a lọ̀ ọ́. Mi ò sì sọ fún Bàbá pé omi yóò kan tíréè yìí lójoojúmọ́. Ó rò pé ara ògiri ni mo fẹ́ gbé e kọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì tí a ṣe é, ó kun pákó ìsàlẹ̀ lójú àti nídìí, ó lo dígí tó nípọn tó mìlímítà mẹ́rin, ó sì fi sílíkóònù tí wọ́n ń fi sí etí fèrèsé dí gbogbo ibi tí dígí ti kan igi. Ìdìmú rẹ̀ jẹ́ igi, nọ́ọ̀tì méjì méjì ló de ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tíréè yẹn wà lọ́dọ̀ mi dòní. Mo kàn máa ń rí i pé kò sí ní ojú fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé, torí oòrùn a máa ṣí àwọ̀ aró.

Ohun mìíràn tí mo fi owó kọ́ ni ìwọ̀n. Mo ra tíréè onígi kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60. Nínú pálọ̀ ẹni tó tà á fún mi, ó wuyì. Nílé tèmi, bí mo bá di ìdìmú rẹ̀ mú, ìgbọ̀nwọ́ mi kò gba ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Àfi kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí akàn, ọbẹ̀ á sì dà. Tí mo bá tún gbé e dé iwájú àlejò, stúùlù tí a ní kò ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, tí ẹnì kan bá mú ife láti apá kan, apá kejì á rọ̀. Ní báyìí, mo ní okùn ìwọ̀n télọ̀ nínú báàgì mi. Tíréè tó bá máa jáde láti kíṣìnì kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 45 ní gígùn àti 30 ní ìbú lọ. Èyí tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀, orí tábìlì ni yóò jókòó sí.

Èyí tó jókòó sórí tábìlì ló mú mi ronú nípa ètò pálọ̀, níbẹ̀ ni mo sì ti rí olùkọ́ tí mi ò retí. Mo máa ń to nǹkan sórí tíréè àárín pálọ̀, ojú kì í sì í gbà á. Rìmóòtù, ìwé àdúrà, àbẹ́là, òdòdó oníke, fọ́tò ìgbéyàwó, gbogbo rẹ̀ á fún pọ̀ bí èrò inú ọkọ̀. Lọ́jọ́ kan mo ń ra ata lọ́wọ́ ìyá alátẹ kan ní Ìgbóǹnà, mo wá tẹjú mọ́ bí ó ṣe ń pàtẹ. Tòmátò ńlá ló tò sẹ́yìn ní òkìtì, tàtàṣé tẹ̀ lé e, ata rodo wà níwájú pẹ̀lú ewé díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó sì fi ojú àtẹ sílẹ̀ láàárín òkìtì kan sí èkejì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kó gbogbo rẹ̀ síta. Ó ní, “Ìyá, bí mo bá kó gbogbo rẹ̀ síta, ẹ ò ní rí ìkankan.”

Mo délé, mo kó gbogbo nǹkan kúrò lórí tíréè. Mo gbé igbá fínfín kan sẹ́yìn, ó ga díẹ̀. Mo gbé àbẹ́là sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi àwo kékeré fún kọ́kọ́rọ́ síwájú. Ohun mẹ́ta péré, gíga wọn ò dọ́gba, ìdá kan nínú mẹ́ta ojú tíréè sì ṣófo. Ọkọ mi wọlé lálẹ́, ó bi mí bóyá a kun ilé ni. Ibi tó ṣófo yẹn wúlò ju ohun tí mo rò lọ. Tí àlejò bá dé lójijì, níbẹ̀ ni ife rẹ̀ ń bọ́ sí, mi ò ní máa sáré kó nǹkan kúrò lójú rẹ̀ bí ẹni pé ó dà wá láàmú.

Ti ìtọ́jú kò gùn. Tíréè onídẹ, mo máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́, kí n ṣan án, kí n nù ún gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tíréè onígi kì í sùn sínú omi, ẹ nù ún, ẹ fi gbe ògiri títí yóò fi gbẹ. Nígbà ọyẹ́, igi máa ń gbẹ, ó sì lè là. Mo fi òróró ẹ̀pà pa tèmi lọ́dún kan, ó lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó sì ń rùn bí àkàrà àná. Bàbá káfíńtà ló kọ́ mi pé kí n ra liquid paraffin, èyí tí wọ́n ń tà nílé ìtajà oògùn, torí pé kì í bàjẹ́ bí òróró oúnjẹ. Mo máa ń yọ́ ìda oyin díẹ̀ mọ́ ọn. Mo ń fi aṣọ pa á lálẹ́, mo sì ń nù ún kúrò láàárọ̀.

Màámi kú ní 2022. Nígbà tí a pín ẹrù rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n mi kó aṣọ òkè, àbúrò mi kó iyùn. Èmi ní tíréè ni mo fẹ́. Wọ́n rò pé mo ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ nǹkan kan, èmi sì mọ ohun tí mo gbà.

Mo gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀. Ní ìlú yìí, kò ṣàjèjì kí irin di ọ̀ṣọ́ ògiri. Alágbẹ̀dẹ ni Asíru Ọlátúndé kó tó di pé ó ń lu bàbà àti alumíníọ́ọ̀mù di àwòrán ẹranko àti igi tí àwọn ènìyàn ń gbé kọ́ ilé. Mo ra ìkọ́ tó lágbára, mo gbé òdòdó pupa yẹn sí ọ̀gangan ibi tí ẹni tó bá wọlé yóò kọ́kọ́ wò. Gbogbo ẹni tó dé ló ń yìn ín. Mo ń nù ún ní ọjọ́ Sátidé. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, ọmọ mi gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó tó ọdún kan kí ẹ̀gbọ́n Màámi, tí à ń pè ní Ìyá Àgbà, tó wá kí wa láti Ìbàdàn. Mo fi tíréè aláró yẹn gbé omi fún wọn, wọ́n rí òpó Mápó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ilé ti wá bá wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè. Wọ́n wo ògiri fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé wọ́n fẹ́ sunkún.

“Kí ni tíréè àbúrò mi ṣe yín,” ni wọ́n bi mí, “tí ẹ fi so ó kọ́?”

Mo ń wá ohun tí mo máa sọ. Wọn ò dúró dè mí. Wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ méjèèjì gbé e sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé e sórí itan wọn, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa òdòdó náà. Wọ́n ní ṣé a ní ẹ̀wà nílé. Mo lọ bu ẹ̀wà oloyin wá. Wọ́n dà á sí i, ariwo tó ṣe, “wàràwàrà”, ni ariwo tí mo ń gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ gbogbo nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọ mi náà wá jókòó. Ó bi Ìyá Àgbà pé ta ló jẹ́ kó ré létí, Ìyá Àgbà sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn àkọ́kọ́.

Ìkọ́ ṣì wà lára ògiri. Àárọ̀ Sátidé tí a bá fẹ́ ṣe mọ́ínmọ́ín, tàbí tí àlejò bá dé, yóò ṣófo. Tí ọmọ mi bá ti ilé ìwé dé, tó bá wọlé tí kò rí òdòdó pupa lókè, á ju báàgì sílẹ̀, á sì béèrè láti ẹnu ọ̀nà pé, “Màámi, ta ló wá?”